Wisikí Tí Wọ́n Fi Èéfín Imí Àgùntàn Yan Ọkà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fẹnu kan ọtí. Ẹ̀sìn ló dá àwọn kan dúró, dókítà ló kìlọ̀ fún àwọn mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yí rédíò yín sí ibòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ju ọtí lọ. Ọ̀rọ̀ iná ìdáná ni, ọ̀rọ̀ igbó tó tán nílẹ̀ kan ni, àti ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fọwọ́ ara wọn wá ṣe nígbà tí igi kò sí mọ́.

Wisikí kan wà tó ń jẹ́ Flóki. Orílẹ̀-èdè Íslándì ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú ìlú Garðabær, lẹ́bàá olú-ìlú wọn, Reykjavík. Eimverk ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ìdílé kan ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2009, ohun tí wọ́n sì fi sọ́kàn ni láti ṣe wisikí láti inú ọkà báálì tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ Íslándì fúnra rẹ̀. Oríṣiríṣi Flóki ló wà. Èyí tí mo tọ́ wò, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀ gbangba, láìfi bò, pé èéfín imí àgùntàn ni wọ́n fi yan ọkà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi yé. Imí àgùntàn ni mo wí. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ wa, ọ̀kan dìde kúrò nídìí tábìlì. Òmíràn ní irú ìtàn báyìí ni àwọn òyìnbó fi ń ta ọjà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí n kò fi gbà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò sí nínú ìgò náà. Kò sí imí nínú rẹ̀. Wọn kò rẹ ẹ́ sínú ọtí, wọn kò pò ó mọ́ ọkà. Wọ́n dáná sí imí tó ti gbẹ, èéfín rẹ̀ gba àárín ọkà tútù kọjá, ó sì fi òórùn sílẹ̀ sára èèpo ọkà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ ọkà, wọ́n fi omi gbígbóná pò ó, wọ́n jẹ́ kó kan, wọ́n gbé e kaná, ooru tó jáde lára rẹ̀ ni wọ́n tún mú tutù kó lè di ọtí. Ohun tó bá la gbogbo èyí já, òórùn nìkan ni.

Ilẹ̀ Íslándì kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe rò. Ẹni tó bá ti ra orí ẹja gbígbẹ nídìí àwọn tó ń ta sítọ́kífíṣì lọ́jà Èkó, ó ṣeé ṣe kó ti ru ẹrù Íslándì lọ sílé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Nàìjíríà ti ń ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ wọn, àwa sì ni oníbàárà ńlá tí wọ́n ní fún orí ẹja. Ẹja yẹn gan-an ló lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wisikí yìí yé wa. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ń fi iná yan ẹja wọn nítorí pé igi wà nítòsí. Ará Íslándì so ẹja tirẹ̀ rọ̀ síta gbangba, afẹ́fẹ́ òtútù ló bá a gbẹ ẹ́. Lóde òní, wọ́n ń lo ooru tó ń jáde láti inú ilẹ̀ láti fi gbẹ orí ẹja nínú ilé. Igi tí wọn ì bá fi yan án ni kò sí.

Igi ti wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn ará Nọ́wè wá tẹ ilẹ̀ náà dó, láti nǹkan bí ọdún 870, igbó igi kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní birch bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ mìíràn tilẹ̀ ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gé e láti fi kọ́lé. Wọ́n sun ún di èédú láti fi rọ irin. Wọ́n ṣán an kí ẹran ọ̀sìn lè rí ibi jẹ̀. Àgùntàn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá ń jẹ gbogbo èéhù tó bá yọrí, òkè oníná ń tú eérú sílẹ̀, ìjì sì ń gbá erùpẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò tí yóò dì í mú lọ sínú òkun. Lónìí, lẹ́yìn gbogbo akitiyan láti tún igi gbìn, igbó tó wà ní gbogbo ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 lọ.

Àgùntàn tó bá wọn jẹ igbó run náà ló wá ń fún wọn ní iná. Nígbà òtútù, inú ilé ni àgùntàn ń gbé fún oṣù púpọ̀. Imí wọn àti koríko gbígbẹ tí wọ́n ń jẹ ń kóra jọ sílẹ̀, pátákò wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi dì gbagidi. Tí òtútù bá ti rọlẹ̀, àgbẹ̀ á fi ṣọ́bìrì gé e ní bùlọ́ọ̀kù bùlọ́ọ̀kù, á tò ó síta fún oòrùn àti afẹ́fẹ́, ó di ohun ìdáná. Tað ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Láyé àtijọ́, iná rẹ̀ ni wọ́n ń yá, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, òun náà ni wọ́n fi ń yan ẹja odò àti ẹran àgùntàn tí wọ́n ń jẹ nígbà Kérésìmesì, èyí tí wọ́n ń pè ní hangikjöt. Ẹran tí wọ́n fi tað yan ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn títí di òní. Òórùn rẹ̀ ni òórùn ọdún fún àwọn ọmọ wọn.

Ẹ rí i pé nígbà tí ìdílé tó dá Eimverk sílẹ̀ fẹ́ kí wisikí wọn ní èéfín, wọn kò jókòó kí wọ́n máa wá ohun tí yóò ya ayé lẹ́nu. Iná ìyá ìyá wọn ni wọ́n padà lọ dá.

Wisikí eléèéfín tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láyé, erékùṣù Islay ní Skọ́tlándì ló ti ń wá. Ibẹ̀ ni Laphroaig wà, ibẹ̀ ni Ardbeg àti Lagavulin wà. Igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ní ni pítì, ìyẹn koríko àti ewéko tó ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú àbàtà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n ń wà jáde, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń fi dáná. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èédú káàkiri Skọ́tlándì láàárín ọdún 1800 sí 1900, ọ̀pọ̀ ibòmíràn dín pítì kù. Islay kò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, ẹni tó ń ra Laphroaig ń san owó gidi fún òórùn àbàtà, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ẹ̀tàn. Kí ló wá dé tí èéfín àbàtà fi jẹ́ iyì, tí èéfín agbo àgùntàn fi jẹ́ ohun ìtìjú? Koríko tó jẹrà lábẹ́ omi ni ti àkọ́kọ́. Koríko tó gba inú àgùntàn kọjá ni ti èkejì. Koríko ni gbogbo rẹ̀.

Báwo ni èéfín ṣe ń wọ inú ọtí? Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ọkà báálì sínú omi kó lè hù. Àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé àgbàdo gbọ́dọ̀ hù kí ọtí tó lè jáde lára rẹ̀, nítorí híhù ló ń fún ọkà lágbára láti sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Bó bá ti hù díẹ̀, ooru ni wọ́n fi ń dá a dúró kó má baà di irè oko. Ibi tí ooru náà ti wá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná lásán, ọkà á gbẹ, kò ní ní òórùn iná kankan. Tó bá jẹ́ pítì tàbí tað, èéfín á gbé àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní phenol wá, wọ́n á lẹ̀ mọ́ èèpo ọkà nígbà tó ṣì tutù. Àwọn oníṣẹ́ wisikí ń wọn phenol yìí lára ọkà, apá mélòó nínú mílíọ̀nù kan. Ti Ardbeg máa ń wà ní nǹkan bí 55. Ilé-iṣẹ́ Bruichladdich, ní Islay kan náà, ti ṣe irú Octomore kan tí ọkà rẹ̀ ju 309 lọ. Àwọn ènìyàn kan ń sá tẹ̀lé nọ́ńbà yìí. Èmi kò rí ìdí rẹ̀, nítorí lára ọkà ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì ti lọ kó tó dé inú ife.

Ọkà báálì Íslándì náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tó tẹ ilẹ̀ náà dó gbìn ín, ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù túbọ̀ le ní ọ̀rúndún mélòó kan lẹ́yìn wọn, wọ́n pa á tì. Ó di àwọn ọdún 1920 kí ọkùnrin onímọ̀ oko kan, Klemenz Kristjánsson, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín padà, tó sì ń ṣà lára irúgbìn tó lè fara da òtútù ní oko Sámsstaðir, ní gúúsù ilẹ̀ náà. Títí di òní, oòrùn ibẹ̀ kì í mú tó, ọkà ń pẹ́ kó tó gbó, sítáàṣì inú rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ọkà tó ń lọ sínú ìgò wisikí kan ní Íslándì ju èyí tó ń lọ sínú rẹ̀ níbi tí oòrùn wà.

Ọtí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀ rí. Òfin tó de gbogbo ọtí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1915. Ní 1922, wáìnì gba ẹ̀yìn ẹja wọlé, nítorí Spéìn ní òun kò ní ra ẹja oníyọ̀ Íslándì mọ́ bí wọn kò bá ra wáìnì òun. Wọ́n tú ọtí líle sílẹ̀ ní 1935. Ṣùgbọ́n bíà tó lágbára, wọn kò gba ará ìlú láàyè láti rà á títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1989. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin olùgbọ́ wa: orílẹ̀-èdè tí bíà tó lágbára ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ní 1989 ló ń ṣe wisikí lónìí. Kò sí baba ńlá kankan tó fi iṣẹ́ yìí lé wọn lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ lójú ara wọn.

Flóki tí wọ́n fi sọ ọtí náà lórúkọ, ènìyàn ni. Àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ wọn sọ pé Flóki Vilgerðarson gbéra láti Nọ́wè pẹ̀lú ẹyẹ ìwò mẹ́ta. Lójú òkun, ó tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ fò padà sí ibi tí wọ́n ti wá, èkejì fò sókè, ó tún padà sínú ọkọ̀, ẹ̀kẹta kọjú síwájú, ó lọ, kò padà. Flóki tẹ̀lé e, ó sì rí ilẹ̀. Ẹja pọ̀ nínú omi ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbàgbé láti gé koríko pa mọ́ fún ẹran ọ̀sìn. Òtútù dé, gbogbo ẹran wọn kú. Flóki gun orí òkè, ó rí omi tó ti di yìnyín nísàlẹ̀, ó sì fi yìnyín sọ ilẹ̀ náà lórúkọ. Ẹni tí ẹran rẹ̀ kú nítorí koríko ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sọ ọtí tó jẹ koríko àti ẹran ní gbèsè. Mo fẹ́ràn pé wọ́n rántí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò.

Ife ṣe pàtàkì. Kì í ṣe ife ẹlẹ́nu gbígbòòrò tí wọ́n ń kó yìnyín sí. Ife tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi, tí ẹnu rẹ̀ sún mọ́ra, ni mo lò, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Glencairn ní Skọ́tlándì gbé jáde ní 2001, nítorí ó ń kó òórùn jọ sójú kan. Ìwọ̀nba tó bo ìdí ife ni mo bù. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mi ò ki imú bọ inú ife. Mo la ẹnu díẹ̀, mo gbé ife sún mọ́ imú díẹ̀díẹ̀, kí ọtí tó ga ní ìdá 47 nínú ìdá 100 má baà ta mí nímú.

Koríko gbígbẹ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni oyin. Mo dúró. Lẹ́yìn náà ni èéfín wá, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti Islay. Èéfín Islay máa ń gbé òórùn oògùn ilé ìwòsàn àti omi òkun wá. Èyí kò ní oògùn nínú rárá. Ó rọ̀, ó ní ọ̀rá, ó dà bí òórùn ẹran tí wọ́n gbé kọ́ àjà lókè ààrò, tó ti pẹ́ níbẹ̀ tí èéfín fi wọ ọ́ dé eegun. Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn awọ, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹni tó bá ń retí òórùn ilé àgùntàn lè rí i bó bá wá a lọ. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì burú.

Mo fi díẹ̀ kan ahọ́n, mo jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká kí n tó gbé e mì. Adùn ọkà ló ṣáájú, adùn tó mọ́, pẹ̀lú fàníílà láti ara igi óákù tí wọ́n fi ṣe àgbá. Ata tẹ̀lé e, ó ta mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Ibi tí ó ti mẹ́hẹ wà láàárín: ó ku díẹ̀ kí ọkà inú rẹ̀ jinná, ẹnu á máa gbọ́ ọ pé ọtí yìí kéré lọ́jọ́ orí. Òfin Yúróòpù ní kí wisikí lo, ó kéré tán, ọdún 3 nínú àgbá igi, Flóki yìí sì jẹ́ ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e mì ni èéfín padà wá gan-an. Ó gba ọ̀nà ọ̀fun gòkè padà, ó gbẹ, ó korò díẹ̀ bí ó ti yẹ kí èéfín korò, ó sì dúró pẹ́. Mo sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wisikí olówó ńlá kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, mo kán omi sí i. Àwọn kan gbà pé omi ń ba wisikí jẹ́. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ méjì ní Linnaeus University ní Swídìn, Björn Karlsson àti Ran Friedman, fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife. Ohun kan tí ń jẹ́ guaiacol ni wọ́n tọpa, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kẹ́míkà tó ń mú òórùn èéfín wá. Níbi tí ọtí bá ti le jù, guaiacol á sá pamọ́ sáàárín ọtí. Tí omi bá wọ̀ ọ́, tí agbára ọtí sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 45 nínú ìdá 100, guaiacol á gun òkè wá sójú ife, níbi tí imú ti lè gbọ́ ọ. Ìgò mi jẹ́ 47. Kíkán díẹ̀ péré ló kù ú kù. Bí mo ti kán an, èéfín tú jáde, oyin náà sì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu wisikí, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó jiyàn.

Wàyí o, gbogbo adùn àjèjì kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, Tamworth Distilling, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, tí wọ́n gbajúmọ̀ fún irú nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ti fi ohun tó ń jáde láti abẹ́ ìrù ẹranko odò tí ń jẹ́ beaver sínú wisikí. Ní 2022, wọ́n gbé Crab Trapper jáde, wisikí tí wọ́n fi akàn ṣe. Akàn aláwọ̀ ewé láti Yúróòpù ni. Ó ti bá ọkọ̀ ojú omi dé etíkun Amẹ́ríkà láti 1817, ó sì ń jẹ àwọn ẹran omi oníkarahun run títí di òní. Àwọn onímọ̀ ní New Hampshire ti ń wá bí wọ́n ṣe lè mú kí àwọn ènìyàn máa kó o jẹ. Tamworth ní nǹkan bí ìdajì kílò akàn ló ń lọ sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n se é, wọ́n fa adùn rẹ̀ jáde, wọ́n pò ó mọ́ bourbon, ìyẹn wisikí Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn èròjà ọbẹ̀.

Ète wọn dára. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Bourbon yẹn ti di ọtí kí akàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá mú akàn kúrò, bourbon náà ṣì jẹ́ odidi. Èéfín tað wà lára ọkà kí ọkà tó di ọtí rárá. Kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́. Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní Yúróòpù, ẹni tó bá fi adùn kankan kún wisikí lẹ́yìn tó ti sè é tán kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní wisikí mọ́. Àwọ̀ ṣúgà tí wọ́n sun nìkan ni òfin gbà kí wọ́n fi kún un yàtọ̀ sí omi. Amẹ́ríkà gbà á láàyè, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára ìgò pé wọ́n fi adùn kún un. Èmi kò kórìíra kíkún adùn. Àwa náà ń rẹ egbò igi sínú ògógóró, àwọn bàbá wa ṣe é, àgbo ọlọ́tí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo gáréèjì. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí wọ́n sọ ọ́.

Ibí gan-an ni Flóki ti mú ọkàn mi lọ sí ilé. Wọ́n kọ ohun tí àwọn mìíràn ì bá fi pamọ́ sára ìgò wọn. Wọ́n sọ orúkọ ọkà, wọ́n sọ ibi tó ti hù, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi dáná. Ẹ jẹ́ ká wá wo ògógóró wa. Láti 1919, nígbà tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye, wọ́n ti fòfin de síse ọtí líle ní apá púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà nígbà náà, ọlọ́pàá ń wó ààrò àwọn tó ń sè é, wọ́n ń kó wọn lọ sẹ́wọ̀n, nígbà tí jíínì òkèèrè ń gba èbúté wọlé, tí ìjọba amúnisìn sì ń gba owó ibodè lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ti lé wọ inú igbó kò ní sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó mọ́ wa lára láti ra ọtí tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìlú, tí kò ní olùṣe.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú wọn ń fọ́, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ kan. Ìbẹ̀rù gba ìlú kan. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, gbogbo àmì sì tọ́ka sí mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú ọtí ìbílẹ̀. Ó ju ènìyàn 15 lọ tó kú níbẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ tó ohun tí ẹni tó ń mu ògógóró lè fi mọ̀. Àwọn tó mu ún kò ní ọ̀nà kankan láti mọ ohun tó wà nínú ife wọn, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sára rẹ̀.

Àwọn kan ti ń tún un ṣe. Àwọn tó dá Pedro's sílẹ̀ ń di ògógóró sínú ìgò tó lórúkọ, wọ́n ń tà á ní Èkó àti lókè òkun gẹ́gẹ́ bí ọtí tó ní ilẹ̀ tó ti wá. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó ń se ògógóró ní Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, tí wọn kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan, pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ìdájọ́ mi lórí Flóki nìyí. Ó dára. Kò tíì tó Lagavulin ní jíjinlẹ̀, àgbá ṣì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i, ẹni tí kò bá fẹ́ràn èéfín kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn tó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú ọtí mìíràn tí mo mọ̀, ó sì mọ ilé rẹ̀. Bí mo bá tún rí i, màá rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se ògógóró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sára ìgò: ìlú yín, bóyá ògùrọ̀ ni tàbí ẹmu ọ̀pẹ, ọdún tí ẹ sè é, àti ẹni tó sè é. Ẹ gbé e lọ fún NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ sì ń ra ọtí, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é fún yín kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má rà á.